Sí Fẹ́hìntọlá, Nígbà tí Igi Ìlú Òyìnbó ń Wọ́wé

Ilé ìlọṣọ mi, Marcory, Abidjan.
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, òjò wẹliwẹli ń rọ̀.

Fẹ́hìntọlá ọmọ mi, Àjíkẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kẹ́,

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, ẹsẹ̀ ni mo fi wọ Kumasi. Mo ti sùn sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu ibodè, òjò ń rọ̀, epo ọkọ̀ ń kán sí mi lójú. Ibà ti dá mi dùbúlẹ̀ ní Bouaké débi pé àwọn tí a jọ ń gbé ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò jogún bàtà mi, bàtà náà ò sì dáa. Mo ti fi gàrí gbígbẹ pa ebi, mo ti fi omi lásán pa òmíràn. Mo dé Abidjan nígbà tí wọn ò tíì kọ́ afárá ńlá, nígbà tí afárá tó wà ń léfòó lórí ọ̀sà, tó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tó mutí. Mo ti dúró nínú odò Banco láti ìdájí títí oòrùn fi kan àtàrí, èmi àti àwọn fáníkò, àwọn alágbàfọ̀ tó ń lu aṣọ mọ́ táyà ògbólógbòó nínú omi, títí èékánná ẹsẹ̀ mi fi re. Wọ́n pè mí ní Ànàgó tí kò gbédè. Màdáámù kan ní Plateau sọ pé mo jí ìbọ̀sẹ̀ ọkọ òun, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Kí ni mo fẹ́ fi ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣe? Ilé ìwé tí mo lọ, kí n tó mọ orúkọ olùkọ́ ni bàbá mi ti ní kí n padà sóko. Bíbélì ló kọ́ mi ní ìwé kíkà, ọwọ́ mi ló kọ́ mi ní èyí tó kù.

Wò mí lónìí. Ilé ìlọṣọ kan ní Marcory, òmíràn ní Abobo Gare níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá. Ilẹ̀ ní Gonzagueville, tí ènìyàn bá dúró lórí rẹ̀, á máa gbọ́ òkun. Ìjọ tí mo bẹ̀rẹ̀ láàrin aṣọ àti èédú, tí a ń fi tábìlì ìlọṣọ ṣe pẹpẹ, ó ti kọ́ ilé tirẹ̀, ó sì ní agogo. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ mìíràn ní ìlú yìí tó ti ibi tó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ gòkè, kó mú un wá, kí a jọ dúró sínú oòrùn, kí a wo òjìji ẹni tó gùn jù.

Mo ka ìyà mi sílẹ̀ kí o lè mọ̀ pé ẹni tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn kì í ṣe ọmọ àná. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o ti kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí tán ní Lyon, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n rí fún ọ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń bímọ. Ilé ńlá kan lórí òkè ni, níbi tí àwọn òyìnbó ń kó àwọn òbí wọn tó ti darúgbó sí. O ní iṣẹ́ rẹ ni kí o wẹ̀ wọ́n, kí o fi ṣíbí bọ́ wọn, kí o pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn. O ní ìgbà ìwọ́wé ti dé, àwọn igi tó yí ilé náà ká ń wọ́wé, ewé pupa, ewé tó pọ́n bí iyeyè, títí igi fi dúró ní ìhòòhò, tí òtútù sì ń wọ̀ ọ́ nínú egungun. O bi mí bóyá kí o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí o máa bọ̀ wálé, àbí kí o dúró. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní igun ìwé, o fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìjọ."

Àjíkẹ́, ó ti bọ́. Mo ti sọ fún ìjọ. Kì í ṣe èyí tó ṣẹlẹ̀ ni mo sọ o, èyí tó wà lọ́kàn mi ni. Lóṣù tó kọjá, kí lẹ́tà rẹ tó dé, mo dúró lórí pẹpẹ, mo ní ọmọ mi ni àwọn aboyún Faransé ń tò dè lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ọmọ òyìnbó tó bá fẹ́ wáyé ní Lyon báyìí, ọwọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí. Àmín tí ìjọ ṣe lọ́jọ́ náà, páànù òrùlé dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní Marcory, ó ti kọjá sí Treichville. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa ti ń kí mi lójú ọ̀nà ní "Bàbá Agbẹ̀bí," mo sì ń dáhùn.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo kà á sí ìyá rẹ létí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Nígbà tí mo dé ibi ilé arúgbó, mo fò ó. Ìyá rẹ, ọmọ Kétu, kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn mi. Ó ń já ẹ̀fọ́ lọ, kò gbójú sókè. Ó ní kí n padà síbi tí ohùn mi ti fo kòtò. Mo padà, mo kà á. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbọn ewé ọwọ́ rẹ̀ sínú igbá, ó ní:

"Bàbá Fẹ́hìntọlá, ṣé iṣẹ́ ọmọ ló ń tì yín lójú ni, àbí ẹnu yín?"

Èmi tí mo lè wàásù títí àbẹ́là yóò fi jó tán, agboòrùn mi ni mo ń wá. Mo mú un, mo jáde bí ẹni tó níbi tó ń lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti dà bí ẹni tó sùn tí kò sùn. Òjò kékeré ti dé síbí pẹ̀lú, èyí tó máa ń rọ̀ lẹ́yìn tí òjò ńlá bá ti lọ sinmi. Kì í pariwo. Ó kàn ń rọ̀ sórí páànù bí ẹni tó ń ka nǹkan sínú ara rẹ̀. A kò lè sá aṣọ síta, ilé ìgbẹṣọ sì ti kún, nítorí náà inú ilé ìlọṣọ ni gbogbo rẹ̀ so rọ̀ sí, ẹ̀wù funfun, ẹ̀wù funfun, láti ògiri dé ògiri. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọn a mì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìjọ tó fẹ́ dìde kọrin tó tún jókòó. Mo jókòó sáàrin wọn, mo gbé ìwé lé tábìlì, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn mi ò mọ̀ bóyá mo ti kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tàbí mo kàn rò ó. Bí o bá rí ohun kan lẹ́ẹ̀mejì nínú lẹ́tà yìí, fara mọ́ ọn. Ohun tí mo bá sọ lẹ́ẹ̀mejì, òótọ́ ni.

Jẹ́ kí n to ìmọ̀ràn mi.

Èkíní. Má fi ojú ọ̀run ilé wo ojú ọ̀run ibẹ̀. Mo mọ̀ pé o rò pé mo fẹ́ wàásù pé ewé tó wọ́ á tún rú. Mi ò ní wàásù ìyẹn. Oníwàásù tó bẹ̀rẹ̀ lánàá lè wàásù ìyẹn. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún tí mo fẹ́ ìyá rẹ, ìdílé olówó kan ní Plateau ń ṣègbéyàwó fún ọmọkùnrin wọn, wọ́n sì kó gbogbo aṣọ ilé wọn fún mi, láti ẹ̀wù ọkọ ìyàwó dé aṣọ tábìlì. Oṣù kọkànlá ni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, o mọ̀ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́, òjò ti dágbére lóṣù kọkànlá, ọyẹ́ ti ń yọjú, aṣọ tí o bá sá láàárọ̀ á ti gan lọ́sàn-án. Àwọn fáníkò tó mọ ilẹ̀ ní kí n má gba iṣẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lásìkò yìí. Mo ní kí ni wọ́n mọ̀. Mo ní wọ́n ń jowú. Mo fọ gbogbo rẹ̀, mo fi aró òyìnbó sí i, mo fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ sí i, mo sá a sórí okùn lẹ́bàá ọ̀sà, funfun lọ bí ilẹ̀ ṣe lọ, mo dúró, mò ń wò ó bí ẹni tó kọ́ ìlú. Òjò kékeré Abidjan tí kò mọ Ògbómọ̀ṣọ́ rí, ó bẹ̀rẹ̀. Ó rọ̀ mọ́jú, ó rọ̀ ṣú. Àmì dúdú kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára aṣọ, bí ìgbà tí eṣinṣin bà lé e tí kò fò mọ́.

Ìyá rẹ, ìyàwó tuntun tí lálì ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì parẹ́, ló kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Ó ní kí a fi èédú sínú ìkòkò, kí a tò ó sábẹ́ okùn nínú yàrá tí a ń sùn. A ń fi ọṣẹ pa àmì, a ń fi iná gbẹ aṣọ, a ń fi ojú tó kún fún èéfín wo ara wa, a sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ ìyàwó jáde sínú oòrùn díẹ̀ tó yọ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ooru ń rú lára ẹ̀wù rẹ̀ bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́. Láti inú yàrá èéfín yẹn ni mo ti kọ́ ilé ìgbẹṣọ tí ẹnikẹ́ni kò ní láàrin àwọn alágbàfọ̀ ìlú yìí, òun náà ló sì fi mí síbi tí mo wà. Gbogbo ìlú rò pé orí mi ló pé. Èmi náà kì í sọ fún wọn pé orí ìyá rẹ ni.

Nítorí náà, Àjíkẹ́, ohun tó dà bí ikú lójú rẹ lórí òkè yẹn, àsìkò kan lásán ni fún àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ wọn. Àwọn arúgbó tí ò ń wẹ̀ yẹn ti rí ìgbà ìwọ́wé tó pọ̀ ju irun orí mi lọ. Bi wọ́n léèrè, kí ni wọ́n ń ṣe kí òtútù má wọlé sí wọn nínú, kí ni wọ́n ń jẹ, orin wo ni wọ́n ń kọ. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà; èmi tí mi ò béèrè, aṣọ mi lámì bí ara àmọ̀tẹ́kùn. Ìyá rẹ ní kí o máa fi òrí pa àtẹ́lẹsẹ̀ kí o tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó ti di í sínú ọ̀rá, ẹni tó bá ń bọ̀ wá sí Faransé ni a ó fi rán.

Èkejì, nípa iṣẹ́. Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ èyí.

Nígbà tí mo ń fọṣọ ní odò Banco, mi ò mọ lẹ́tà tó láti kọ orúkọ oníbàárà sára aṣọ. Òwú ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Olúkúlùkù ní òwú tirẹ̀ tí mo gán sínú etí aṣọ, ti dókítà pupa, ti onílé ìtura aláwọ̀ ewé, ti ìyá oníbúrẹ́dì dúdú àti funfun lọ́ pọ̀. Mi ò sọ aṣọ ẹnikẹ́ni nù rí, àyàfi ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n purọ́ mọ́ mi yẹn. Ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, òwú búlúù ni mo yàn fún yín. Aṣọ ilé-ìwé rẹ, òwú búlúù wà nínú etí rẹ̀. Kóòtù tí mo rà fún ọ nígbà tí ò ń lọ, o rò pé mo kàn fi rán ọ lọ ni? Yí etí rẹ̀ sókè níbi tó kan orúnkún. Wò ó dáadáa.

Nínú oorun ọ̀sán àná, mo padà sínú odò yẹn. Ọ̀dọ́ ni mí, ẹsẹ̀ mi wà nínú omi. Mò ń retí aṣọ, ṣùgbọ́n ewé ló ń ṣàn bọ̀ láti òkè, ewé pupa, ewé aláwọ̀ iyeyè, àwọn ewé tí ojú mi kò rí rí, wọ́n fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ń ṣàn bọ̀ láìdúró, odò ò hàn mọ́. Mo mọ̀ nínú àlá pé aṣọ ni wọ́n, pé àwọn igi kan lókè lọ́hùn-ún ló bọ́ wọn sílẹ̀ fún mi kí n fọ̀ wọ́n, wọ́n sì dúró ní ìhòòhò, wọ́n ń dúró dè mí. Mò ń ṣà wọ́n, mò ń yẹ etí wọn wò. Ẹ̀rù kò bà mí. Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀kan kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi, mo rí òwú búlúù létí rẹ̀, bí mo ṣe nawọ́ sí i ni èédú ta nínú irin ìlọṣọ, mo jí. Títí di ìsinsìnyí ọwọ́ mi ṣì dà bí èyí tí omi wà lára rẹ̀.

Kí ni mo fẹ́ fà yọ? Èyí ni. Mo fọ aṣọ ènìyàn títí mo fi mọ gbogbo ohun tí ènìyàn ń pamọ́. Mo mọ òógùn ẹni tí ẹ̀rù ń bà yàtọ̀ sí òógùn ẹni tó ṣiṣẹ́. Mo mọ aṣọ opó nítorí bí ó ṣe ká a. Kò sí ẹni tó tóbi lójú alágbàfọ̀, kò sì sí ẹni tó kéré. Ṣùgbọ́n aṣọ ni èmi fọ̀ mọ. Ìwọ, ẹni tó wà nínú aṣọ gan-an ni ò ń fọ̀. O ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, o sì ti gbé e débi tí ọwọ́ mi kò dé. Mi ò sọ ọ́ kí n fi tù ọ́ nínú. Mi ò mọ bí a ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mò ń sọ ọ́ nítorí mo ti ń wá ibi tí ọmọ mi ti ga jù mí lọ, kí n fi yangàn, mo sì lọ wá a síbi tí kò sí.

O kọ̀wé nípa màmá arúgbó kan tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, tó máa ń di ọwọ́ rẹ mú tí kì í jẹ́ kí o parí ìwẹ̀. O ní ó ń dá iṣẹ́ rẹ dúró. Jẹ́ kó dì í mú. Kí iṣẹ́ dúró díẹ̀.

Mo gbàgbé iye tí mo kà dé. Nípa ọkọ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ìyá rẹ ní kí n má dá a sí, ṣùgbọ́n èmi ni bàbá. Bí ọkùnrin kan bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, má wo aṣọ tó wọ̀. Wo bí ó ṣe ń gbé aṣọ tó dọ̀tí fún ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Àwọn kan máa ń jù ú sílẹ̀ níwájú ènìyàn, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tì í síwájú. Àwọn kan máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, tí wọ́n á ti ká a, bí ó tilẹ̀ ń rùn. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, mi ò rí ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe ọkọ rere rí, mi ò sì rí ẹni kejì tó ń lu ìyàwó. Bí o bá rí ẹni kejì, ì báà jẹ́ ọmọ Kétu, ì báà jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ì báà jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ pàápàá, mú un wá kí n rí i. Bí òyìnbó bá ni, n ó kọ́kọ́ bínú díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdílé. Lọ́jọ́ tí mo mú agboòrùn jáde yẹn, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé ilé ọmọ ìjọ kankan. Mo wọ tákísí, mo lọ sí Adjamé, sọ́dọ̀ Àlàájì Làmídì, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ta àwo tánganran, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà afárá tó ń léfòó. O mọ ẹnu rẹ̀. Bí ó ṣe rí mi, ó ní ta ló da omi aró sí Pásítọ̀ alágbàfọ̀ lójú. Ó ní ṣé ọmọ mi agbẹ̀bí ti bá òun rí òyìnbó ọlọ́yàn ńlá tó fẹ́ fi bàbá arúgbó ṣe ọkọ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó lé wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó fi àpótí fún mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ilé arúgbó, ìwẹ̀, ṣíbí, gbogbo rẹ̀.

Mo rò pé yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ìrun ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ṣé mo rántí pé ìyá òun kú ní Ọ̀yọ́ nígbà tí òun wà níbí. Mo ní mo rántí, ṣebí èmi ni mo bá a jókòó lọ́jọ́ tí ìròyìn dé. Ó ní ohun tí òun kò sọ fún mi ni pé, kí màmá tó kú, ohun tó ń béèrè lójoojúmọ́ ni ẹni tí yóò wá bá òun ha ẹ̀yìn lójú ìwẹ̀. Ó ní òun fi owó ránṣẹ́. Wọ́n ní ó tún béèrè. Òun tún fi owó ránṣẹ́.

"Owó kì í ha ẹ̀yìn, Pásítọ̀," ó ní. "Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ló ha á. Títí dòní, mi ò mọ orúkọ ọmọ náà."

Ó dìde, ó gbé bàsíà tánganran kan kúrò lórí ìṣó, funfun, etí rẹ̀ búlúù, èyí tó fẹ̀ débi tí ènìyàn á jókòó sínú rẹ̀. Ó fi apá agbádá rẹ̀ nu eruku ara rẹ̀, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé ìkórè wa ń bọ̀.

Fẹ́hìntọlá, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà kò sọ pé ọmọ tí ó bí nìkan. Màmá tó ń di ọwọ́ rẹ mú yẹn, ó ní ọmọ tó wà níbì kan tó ń fi owó ránṣẹ́. Má bá ọmọ náà bínú. Kò mọ orúkọ rẹ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan yóò wá a.

Ìkórè wa náà ni mo fi ń parí ọ̀rọ̀. O rántí bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tí gbogbo wa ń ṣe bí àgbẹ̀ nínú ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní oko. Ní òwúrọ̀ ìkórè, gbogbo ìjọ á lọ sọ́jà Adjamé lọ ra iṣu tó ti Bouaké wá, wọ́n á rù ú wọ ilé ìjọsìn, wọ́n á ní Olúwa ló bùkún oko àwọn. Àwọn Jùlá tó ń ta iṣu mọ ọjọ́ náà jù wá lọ, wọ́n á ti fi owó lé e kí a tó dé, wọ́n á sì máa bi wá léèrè pé ẹ̀yin Ànàgó, ṣé òjò rọ̀ sóko yín lọ́dún yìí? Lọ́dún kan mo fi òpin sí i. Mo ní kí olúkúlùkù gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé àpótí wá, aránṣọ gbé ẹ̀wù wá, awakọ̀ yí táyà wọlé títí dé iwájú pẹpẹ. Èmi gbé aṣọ funfun tí mo lọ̀. Ìwọ, ọmọdé ni ọ́, o gbé ìgbálẹ̀ wá, o ní ṣebí ìwọ lò ń gbá ilé Olúwa. Nígbà tí wọ́n lù ú ní gbàǹjo tí ẹnì kan rà á, o bú sẹ́kún, o ní kí ni o máa fi gbálẹ̀ lọ́la. Ẹni tó rà á dá a padà fún ọ. Ìgbálẹ̀ náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn. Àwọn ọmọ ìjọ kò jẹ́ kí n jù ú nù.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ohun tí o bi mí nìyí. Má wálé nítorí ìtìjú, má sì dúró nítorí ìyangàn mi. Bí iṣẹ́ náà bá wọ̀ ọ́, ṣe é. Bí ara rẹ bá kọ òtútù, bí ọkàn rẹ bá ń fẹ́ ìyá rẹ, máa bọ̀. Yàrá rẹ kò ní èlò kankan nínú ju aṣọ ẹni ẹlẹ́ni tí mo fi kọ́ síbẹ̀ nítorí òjò, n ó sì kó o kúrò. Ohun kan ṣoṣo tó dí ọ̀nà méjèèjì fún ọ ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí pẹpẹ. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, èmi ni n ó gbé e kúrò.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìkórè. Lọ́jọ́ Sátidé, n ó fọ aṣọ ìnura tuntun kan, n ó lọ̀ ọ́, n ó gán òwú búlúù sí etí rẹ̀. Ìyá rẹ ti ra kànìnkànìn àti ọṣẹ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí wọ́n bá pe ìdílé pásítọ̀, n ó kó gbogbo rẹ̀ sínú bàsíà Àlàájì, n ó gbé e lé orí ara mi. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi rù ú, bẹ́ẹ̀ ni ó ti pẹ́ tí orí yìí ti ru nǹkan. N ó gba àárín ìjọ kọjá láti ẹnu ọ̀nà, n ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú wọn, n ó ní, èyí ni iṣẹ́ ọmọ mi Fẹ́hìntọlá, àwọn arúgbó ló ń wẹ̀, ohun tí mo sọ lóṣù tó kọjá kì í ṣe òótọ́, èyí ló dáa jù ú lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n á lù ú ní gbàǹjo. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó nawọ́, iye tó bá pè, n ó fi kún un, kò sí ẹni tí yóò gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. N ó rù ú padà wálé, n ó sì fi í ti ara ògiri nínú balùwẹ̀ wa, níbi tí èmi àti ìyá rẹ yóò ti máa rí i, títí yóò fi tó àsìkò tí a ó lò ó.

Èmi ni, bàbá rẹ, alágbàfọ̀.